Báwo ni ẹ ṣe kọ́kọ́ ka Akira?

Òǹkàwé-Òru: Ẹ jọ̀wọ́, kí kálukú sọ bí ó ṣe bá Akira, kọ́míìkì ilẹ̀ Japan, pàdé. Ọmọ ọdún 16 ni mí, ilé ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé mo dá olùkọ́ lóhùn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ju apá kìíní lé orí ibùsùn mi láìsọ nǹkan kan. Bí mo ṣe rí Kaneda àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ tí wọ́n ń fi alùpùpù sáré lóru lórí títì àtijọ́, tí wọn kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, olùkọ́ tàbí sójà, mo ní èmi gan-an ni Katsuhiro Otomo yà sínú ìwé náà.

Àdùn-Ìwé: Láti ẹ̀yìn ni mo ti ka tèmi. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà ọdún 2017, nítorí náà ìlú ti wó tán kí n tó mọ ẹni tó wó o.

Alátakò: Ẹ̀dà Epic Comics, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, kì bá tí ṣe yín bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí àwòrán náà sódì bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí, kí àwọn òǹkàwé ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti òsì, Steve Oliff sì kun ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, bẹ́ẹ̀ dúdú àti funfun ni Otomo yà á.

Ọmọ-Ìkẹyìn: Bí gbogbo yín bá jẹ́ Kaneda, ta ni yóò jẹ́ Tetsuo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbèjà? Èmi ni. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń gbèjà mi láti kékeré: bí wọ́n bá nà mí, òun ni yóò gbẹ̀san, bí mo bá ṣubú, òun ni yóò gbé mi dìde lójú gbogbo ayé. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bí ọpẹ́ ojoojúmọ́ ṣe ń di ìkórìíra nínú ọmọdé. Nígbà tí Tetsuo pàdánù apá rẹ̀, tó sì fi àfọ́kù irin ṣe òmíràn, mo pẹ́ lójú àwòrán yẹn, mo ń fi ìka tẹ̀lé àwọn wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé èjìká. Ẹkún gbọ̀n mí. Ọmọ ọdún 19 ni mí o.

Àdùn-Ìwé: Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo máa ń gbèjà ọ̀rẹ́ tèmi, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ìdí tí kò fi kí mi mọ́.

Alátakò: Ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe fíìmù ni ẹ wò? Apá irin wà níbẹ̀ náà.

Ọmọ-Ìkẹyìn: Mo mọ ìyàtọ̀ wọn. Nínú fíìmù, Akira, ọmọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà, ti di ègé ẹ̀yà ara nínú ìgò; nínú ìwé, ọmọdékùnrin alààyè ni, tí ọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 1988 sì ni fíìmù ti jáde, nígbà tí ìwé tí Otomo bẹ̀rẹ̀ ní 1982 kò parí títí di 1990. Ẹ ka apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tó bi mí ní ìbéèrè.

Aríran: Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Tokyo yóò ṣe Òlíḿpíìkì ní 2020! Wòlíì ni ọkùnrin yìí.

Alátakò: Wòlíì wo? Tokyo ti gbà á lálejò rí ní 1964, kò sì ṣòro láti rò pé yóò tún padà síbẹ̀. Ti 2020 náà gan-an, ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣe é.

Òǹkàwé-Òru: Ìbéèrè mi dà o?

Ìyá-Ọlọ́mọ: Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ló gbé e wọlé. Nítorí pé ó ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó sì ń fi èjìká dá mi lóhùn, mo jí ìwé náà kà kí n lè mọ ohun tó ń rí níbẹ̀. Mo wá òbí kan títí nínú rẹ̀, n kò rí. Sójà àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì ọ̀gá wọn, dókítà, olóṣèlú àti olùkọ́ tí ń gbá ọmọ létí ni gbogbo àgbàlagbà tí mo bá pàdé. Mo dá a padà sí ibi tí mo ti mú un.

Ọmọ-Ìkẹyìn: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ bi í bóyá Kaneda ni tàbí Tetsuo.

Ìyá-Ọlọ́mọ: Mo ti bi í. Ó ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì.