Ìwòsàn "ọ̀fẹ́" ti Tommy Douglas: ta ló ń san owó rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé Tommy Douglas tí ẹ̀gbọ́n wa kọ ní Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Gbólóhùn tí wọ́n fi ṣíde ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: "Mínísítà ọmọ Skọ́tláǹdì tó di òṣèlú, tó sì dá ìwòsàn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Kánádà." Mínísítà yẹn kò jẹ́ kí n sinmi, ọ̀fẹ́ sì tún wá burú jù ú lọ.

Bí Yorùbá bá gbọ́ mínísítà, Àbújá ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, kò ní ronú kan ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin yìí, tí wọ́n bí ní Falkirk ní 1904, pásítọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló jẹ́ ní ìlú Weyburn, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan, láti 1930. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ ni pé ó padà di mínísítà lóòótọ́. Nígbà tó gba ìjọba Saskatchewan ní 1944, òun fúnra rẹ̀ ló di ipò mínísítà ètò ìlera mú títí di 1949. Bí a bá ti fún un lórúkọ yìí látìgbà tó ń wàásù, kí la óò wá pè é nígbà tó ń kọ́ ilé ìwòsàn? Pásítọ̀ ni kí á lò fún ti Weyburn. Ẹnì kan dábàá òjíṣẹ́ Ọlọ́run; kò burú, àmọ́ ajíhìnrere inú bọ́ọ̀sì náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀fẹ́. Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ti mú un. Látìgbà tí Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 ni ọ̀rọ̀ náà ti dúró sí wa létí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìjọba ṣe tí ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bàpò fún. (Àwọn tí wọ́n san owó-orí ìgbà náà lè má gbà bẹ́ẹ̀ o.)

Douglas alára rí ìwòsàn ọ̀fẹ́ gbà nígbà kan, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí. Ó ṣì kéré nígbà tí àrùn wọ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó dé ìlú Winnipeg ní Kánádà, àwọn dókítà ti ń múra àtigé ẹsẹ̀ náà, torí àwọn òbí rẹ̀ kò lówó tí wọ́n lè fi wá onímọ̀ eegun. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ wá rí ọmọ náà, ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, bí àwọn òbí bá ti lè gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun máa wòran. Wọ́n gbà, ẹsẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ gígé. Ìyẹn gan-an ni ọ̀fẹ́. Ohun tí kò sì tán nínú Douglas títí ó fi dàgbà nìyẹn: pé àánú ẹnì kan ṣoṣo ló dá ẹsẹ̀ òun sí, pé ọmọ tálákà míì lè wà nínú wọ́ọ̀dù kan náà tí dókítà náà kò kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Òdìkejì ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá.

Ohun tó gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1947 lówó nínú. Dọ́là 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, dandan ni, ìjọba sì ń fi owó-orí dí èyí tó kù. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn, wọn kò ní béèrè owó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ti owó dókítà ni wọ́n ṣòfin rẹ̀ ní 1961, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1962. Ìgbà yẹn Douglas ti kúrò lọ ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun, NDP. Woodrow Lloyd, tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, ló wà nílé tí ìjà bá. Àwọn dókítà yan iṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 23.

Níbi tí ọ̀fẹ́ ti ba ìtàn ẹ̀gbọ́n jẹ́ gan-an rèé. Ẹni tó bá kà á báyìí yóò rò pé wọ́n ní kí àwọn dókítà máa ṣiṣẹ́ lásán, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bínú. Rárá. Wọn yóò gbowó iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ìjọba jẹ́ ẹni tí yóò máa san án, kó má lọ máa pàṣẹ fún wọn.

Adójútòfò ìlera súnmọ́ ọn, orúkọ òfin 1961 náà, tí "insurance" wà nínú rẹ̀, sì gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ létí wa, adójútòfò ni ilé iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí àti àìsàn rẹ kó tó gbà ọ́. Saskatchewan kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èésú tí àbúrò wa kan dábàá kò bọ́ sí i rárá: ẹni tó bá dá èésú yóò kó owó rẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Níbí, èèyàn lè san án fún ọgbọ̀n ọdún láìdùbúlẹ̀ àìsàn rí, á sì máa dúpẹ́.

Ìtọ́jú àjọsan ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ó sọ ẹni tó ń sanwó, kò sì fi ìjọba ṣe olóore. Ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ lè kà á sí àjọsàn. Àṣìṣe yẹn kò dùn mí.

Ohun kékeré kan tún kù. Ẹ bá wa yọ "gómìnà Saskatchewan" kúrò, nítorí gómìnà tó ń ṣojú ọba wà níbẹ̀ lọ́tọ̀. Prímíà ni Douglas, láti 1944 sí 1961, a kò sì nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà: orúkọ ipò Awólọ́wọ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn láti 1954 sí 1959.