Ààwẹ̀ ti tán: èwo ni kí n dì mú?

Aránṣọ Ìwó

Ẹ kú ọdún Ìtùnú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún ti lọ lóòótọ́, àwọn tó jẹ mí lówó aṣọ ọdún ló kù.

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Lóṣù ààwẹ̀, èèyàn ọ̀tọ̀ ni mo máa ń jẹ́. Mo ń jí sààrì, mo ń kírun Àsùbáà lásìkò, mo ń ka Kùránì, n kì í fẹnu kan mínírà, bẹ́ẹ̀ mínírà ni mo fi ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ dé alẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu mi gan-an rọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló sọ ọ́ fúnra wọn, pé bí àwọn bá gé aṣọ wọ́, Àǹtí kì í pariwo, ó kàn máa ń wo àwọn ni.

Ẹ wá wò mí báyìí. Ládàání á máa pè, mo ń gbọ́ ọ, màá tún fa aṣọ borí. Oorun kì í tètè kùn mí lálẹ́ torí fóònù. Sítáì aṣọ ni mo ń wò bọ̀, láti orí sítáì ó di ìjà àwọn òṣèré, ká tó wí ká tó fọ̀, aago kan òru ti lù. Mínírà ti padà sórí tábìlì. Ọrùn ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí. Ti ẹnu, n kò ní sọ ọ́ níbí.

Ọkọ mi ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí n mú un ṣe lọ́jọ́ kan náà. Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń fẹ́ fi obì sílẹ̀.

Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, bí apá èèyàn ò bá ká gbogbo rẹ̀, èwo ló yẹ kó kọ́kọ́ dì mú tí yóò fa àwọn yòókù lọ́wọ́? N kò wá wáàsí ńlá o. Ẹni tó ti ṣe é rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Ààfáà Kékeré, Ìlọrin

Àǹtí, wáàsí kékeré ni tèmi, ẹ fara dà á.

Sàhábà kan wà, ọmọlẹ́yìn Ànábì ni, Abdullah ọmọ Amr. Lọ́jọ́ ọ̀dọ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń gbààwẹ̀, gbogbo òru ló fi ń kírun. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pè é. Ó ní ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ó ní kó máa gba ọjọ́ mẹ́ta lóṣù. Abdullah ní agbára òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń dúnàá-dúrà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé orí ààwẹ̀ Ànábì Dáúdà, gbà lónìí, jẹun lọ́la. Ìgbà tó darúgbó tí ara ò gbé e mọ́ ló tó ń sọ pé ì bá dára ká ní òun ti gba ìrọ̀rùn tí wọ́n fún òun. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní kẹ́ ẹ kọ sínú ìwé yẹn ló mú mi rántí rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti Kùránì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ni. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹdínà tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, ojú ìwé 604 ni. Ẹni tó bá ka mẹ́rin lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan á ka 20 lóòjọ́, á parí ní bí oṣù kan. Eré ààwẹ̀ nìyẹn, ẹ má sá a báyìí. Ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ́yìn ìrun ni kẹ́ ẹ máa kà. Márùn-ún lóòjọ́ ni, bí oṣù mẹ́rin ẹ ó ti parí rẹ̀, kí oníbàárà sì tó tú aṣọ jáde nínú báàgì ẹ ti ka tòní.

Ti òru: Abu Hurayra, Sàhábà mìíràn, sọ pé Ànábì gba òun nímọ̀ràn kí òun máa kí wítírì, ìrun tí a fi ń kádìí ìrun òru, kí òun tó sùn. Ẹni tí kò dá a lójú pé òun máa jí, ẹ̀yìn Ìṣàì ni kó ti kí tirẹ̀, kó fọkàn balẹ̀ sùn.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta

Fóònù ni. Ẹni tó sùn láago kan òru kò lè jí fún Àsùbáà, kó sì tún ní sùúrù fún ọmọ iṣẹ́ tó gé aṣọ wọ́. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán. Ẹ máa fi fóònù sí iná ní pálọ̀, kẹ́ ẹ lọ ra aago tí ń dún lọ́jà. Ṣebí fóònù lẹ fi ń jí? Ẹjọ́ tí gbogbo wa máa ń rò nìyẹn.

Ẹ̀yìn àti ọrùn: ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ gbé e sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ ojú rírán, ẹ ó dìde dandan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù dípò ọ̀kadà, ẹ ti ń ṣe é nìyẹn.

Mínírà, ẹ má jà á lójijì. Ẹ fi tọ̀sán sílẹ̀, kẹ́ ẹ yọ tàárọ̀ àti tàṣálẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé sóbò ni òun wá ń mu o, ìyẹn tí wọ́n da ṣúgà sí gbuurugbu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, tẹ́ ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ sì ń lo oògùn, ẹ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì.

Ọmọ Ìjọ, Peckham

Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ẹ jẹ́ n yọjú díẹ̀. Orí 31 ló wà nínú Ìwé Òwe. Iye tí oṣù bá pé lónìí ni orí tí mò ń kà nínú bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Bí orí 12 bá fò mí, n kì í padà sí i, 13 ni màá ṣí. Nígbà tí mo ṣì ń san gbèsè orí tó fò, ńṣe ni mo máa ń pa Bíbélì tì.

Ààfáà Kékeré, Ìlọrin

Ó dáa fún nàfílà, ìjọsìn tí kì í ṣe dandan, ẹ̀gbọ́n. Ìrun ọ̀ranyàn ò sí nínú ìyẹn o. Èyí téèyàn bá sùn fò, a máa ń kí i ni.

Aránṣọ Ìwó

Ẹ ṣeun púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Fóònù ń lọ sí pálọ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ààfáà ò ní rò, torí ọkùnrin ni. Bí mo bá so ojú ìwé mọ́ ìrun, tí mo so jíjí mọ́ Àsùbáà, ọ̀sẹ̀ tí mo bá wà nínú nǹkan oṣù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá fi máa wẹ̀ mọ́, oorun ìdájí ti mọ́ mi lára.

Ìyá Kéwú

Ọmọ mi, o bèèrè ohun tó yẹ. Ìrun ni wọ́n ní kó o dá dúró, wọn ò ní kó o má jí. Bí ládàání bá pè, dìde, bọ́jú, jókòó sórí ẹní rẹ, fa tẹ̀sùbáà: àsítígífárù, ìyẹn títọrọ àforíjì, kó o ṣe àsàlátù fún Ànábì, kó o tọrọ àdúà fún ọmọ àti fún ọjà. Kò ní pẹ́ tó ìrun pàápàá. Ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí pé kí obìnrin ka Kùránì lásìkò yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ kéwú mi tó ti dàgbà pé kí wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e lọ́kàn. Aago ló yẹ kó dúró síbi tó wà, iṣẹ́ inú rẹ̀ ló lè yí.

Èkejì, má tíì máa ronú nàfílà Àtìní àti Àlàmísì. O jẹ gbèsè ààwẹ̀, àbí? Àwọn ọjọ́ tí nǹkan oṣù mú lọ nínú Ramadan. Ìyá wa Aisha, ìyàwó Ànábì, sọ pé inú Ṣábánì, oṣù tó ṣáájú Ramadan, lòun ti ń rí àyè san tòun, nítorí náà àsìkò ń bẹ, ṣùgbọ́n wàhálà lo máa kó ara rẹ sí bó o bá fi í dìgbà tí òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Fi Àlàmísì Àlàmísì san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó o bá ń san án, mínírà ọ̀sán ti kúrò nílẹ̀ láìjà.

Bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà ni kó o jẹ sí sààrì. Fawọ́ màgí àti iyọ̀ sẹ́yìn nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí òùngbẹ má bàa dá ọ lókòó nídìí ẹ̀rọ.