Ẹkún orí ìtàgé ń bá mi délé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà òṣèré, mo kí yín o. Yábàá la ti ń ṣe ìdánrawò eré orí ìtàgé kan, èmi sì ni ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kú. Olùdarí wa ní kí n rántí ikú bàbá mi, kí n fi sunkún. Mo ṣe é. Mo rántí fìlà wọn lórí àga, mo rántí òórùn Robb tí wọ́n máa ń fi pa orúnkún, omi sì ń dà lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ dáńfó padà sí Sùúrùlérè, ẹkún náà kì í dá. Oorun ò kùn mí mọ́ lóru.

Mo kà pé Stanislavski, olùdarí eré ará Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ lo irú ìrántí yìí, tí Lee Strasberg, olùkọ́ àwọn òṣèré, wá gbé e lárugẹ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Stella Adler, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, lọ bá Stanislavski ní Paris ní 1934, ó sì padà wá ń kọ́ni pé ipò tí ẹni inú eré wà àti ojú inú ni kí òṣèré gbára lé, kì í ṣe ọgbẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí wọ̀ mí lọ́kàn gan-an.

Ta ló ti fi ojú inú nìkan sunkún rí, tí àwọn òǹwòran sì gbà á gbọ́? Kí lẹ máa ń ṣe lẹ́yìn eré kí ara yín tó balẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún olùdarí wa tí wọn ò ní rò pé mo ń rí wọn fín? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.