Sígínà wà níbẹ̀, mítà ni kò gbọ́ ọ

Ọjọ́ kejì tí a wọ láàbù máíkírówéfù ni tèmi ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún wa kò le lẹ́nu: ká fi Gunn diode, ohun kékeré kan tó ń sọ iná di ìgbì máíkírówéfù, pèsè sígínà 10 GHz (ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ká tú u jáde láti ẹnu áńtẹ́nà tó rí bí ẹnu kàkàkí, ká sì fi òmíràn gbà á lódìkejì tábìlì, kí mítà kà á.

Diode yìí kéré ju hóró àgbàdo lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé bí a bá gbé plus sí ojú minus pẹ́nrẹ́n, ó ti kú nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ la ń yí fóltéèjì sókè. Kọ́rẹ́ńtì ń pọ̀ sí i, ó ń pọ̀ sí i, àfi bó ṣe di ibì kan tí fóltéèjì ń lọ sókè tí kọ́rẹ́ńtì sì ń wálẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an là ń wá, torí ibẹ̀ ni diode ti lè máa mú ìgbì jáde. A gbé e dé fóltì 8.

Mítà kò mira.

A yí áńtẹ́nà, a tú nọ́ọ̀tì, a pààrọ̀ wáyà. Ẹnìkejì mi ní diode ti jó. Wákàtí méjì gbáko! Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó láàbù kọjá ló bi wá pé, "Ṣé ẹ ti tan modulation?"

Irú mítà SWR tí a ń lò yẹn, èyí tí wọ́n fi ń wo ìgbì tó lọ àti èyí tó padà, kì í dá sígínà mọ̀ àfi èyí tó bá ń tàn tó ń kú ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa ń ṣàn lọ geere láìdánu dúró, mítà kò sì kà á sí. Ẹ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì modulation, èyí tó ń mú kí sígínà máa tàn kó máa kú bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ sì fò sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bọ́tìnnì yẹn ná kí ẹ tó fọwọ́ kan diode.

Lẹ́yìn náà la gbé páànù pẹlẹbẹ kan kọjú sí áńtẹ́nà, mo sì rọra ń fa détẹ́kítọ̀ kékeré, èyí tó ń gbọ́ ìgbì, láàárín àwọn méjèèjì. Ìgbì tó ń lọ ń pàdé èyí tí páànù dá padà, ni abẹ́rẹ́ bá ń wálẹ̀, ó ń gòkè. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: láti ibi tó ti kọ́kọ́ wálẹ̀ dé ibi karùn-ún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6. Àlàfo mẹ́rin, 1.5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì ìgbì kan. Ìgbì odindi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3; bí a bá fi í pín ìyára ìmọ́lẹ̀, 10 GHz gẹ́lẹ́ nìyẹn. Rúlà lásán ni mo fi mọ̀ ọ́n.