Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ti bàjẹ́ lọ́nà, agbẹ́rù wo ni kí n lò?

Ìyá Àyìnkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Láàbù tún pè mí láàárọ̀ yìí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi tí mo fi ránṣẹ́ ò ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé! Ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò fẹ́ rí ẹni tó wọ aṣọ funfun mọ́, ẹkún ni láti ẹnu géètì. Owó kíákíá ni mo san fún àwọn agbẹ́rù yìí. Ọmọkùnrin tó wá gbé e ò tiẹ̀ kí mi, fóònù ló ń gbọ́ bó ṣe ń so páálí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pe ọ́fíìsì wọn, ẹni tó gbé fóònù á ní kí n dúró, yóò sì gé e. Àwọn wo lẹ fọkàn tán? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún fẹ́ gún un.

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ́jú o. A fi insulin ránṣẹ́ sí ìyá mi nígbà kan, a tò ó sáàárín yìnyín, ó sì dì. Nígbà tó yọ́, ojú lásán ò mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Màmá ń lò ó, ṣúgà wọn ò wálẹ̀. Insulin tó bá ti dì, dídànù ni. Agbẹ́rù tó ní kúlà tó wà láàárín dígírì 2 sí 8 ni kẹ́ ẹ wá.

Nọ́ọ̀sì Àǹkẹ́: Ẹ má tíì wá agbẹ́rù kankan. Àyẹ̀wò wo ni? Ṣé odindi ẹ̀jẹ̀ ni àbí plasma, omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀? Kí ni láàbù ní ó ṣe é?

Àkànní: Ẹ̀jẹ̀ ọmọ lórí alùpùpù ẹni tó ń pín bàtà kiri! Agbẹ́rù ìṣègùn ló yẹ kẹ́ ẹ pè látìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àyìnkẹ́: Ẹ má bá mi wí, ẹ jọ̀ọ́. Dry ice, yìnyín gbígbẹ yẹn, gan-an ni mo rà, mo kó o yí ìgò ẹ̀jẹ̀ ká, mo sì fi téèpù lẹ kúlà náà pa, afẹ́fẹ́ ò lè gbabẹ̀ wọlé. Òtútù kọ́ ló wọ́n ọn.

Nọ́ọ̀sì Àǹkẹ́: Háà, ìyá mi. Dry ice tutù tó dígírì 78 lábẹ́ òdo. Odindi ẹ̀jẹ̀ tó bá dì, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ á bẹ́. Gáàsì sì ni dry ice ń yọ́ dà, tí kò bá ríbi jáde, ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ pa yẹn lè bú gbàmù.

Dìgbòlù: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ojoojúmọ́ la fi dry ice gbé ẹrù láàbù.

Nọ́ọ̀sì Àǹkẹ́: Plasma tí láàbù ní kó dì lẹ̀ ń gbé yẹn. Odindi ẹ̀jẹ̀ mìíràn, fíríìjì lásán gan-an ò yẹ ẹ́: bó bá pẹ́ níbẹ̀, potassium, èròjà iyọ̀ kan nínú rẹ̀, á ga nínú àyẹ̀wò, irọ́ sì ni.

Ìyá Àyìnkẹ́: Wọ́n sọ pé sẹ́ẹ̀lì ti bẹ́. Mo rò pé gbígbọ̀n alùpùpù ló fà á. Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́, Mọ́ńdè ló dé. Mo sì kọ “aṣọ ọmọdé” sára páálí, torí àwọn tí mo kọ́kọ́ bá ní àwọn kì í gbé ẹ̀jẹ̀.

Awakọ̀ Òru: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣiṣẹ́ yìí rí. Ẹrù tẹ́ ẹ bá pè láṣọ, abẹ́ ẹrù wúwo la ó tì í sí. Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò ní àmì tirẹ̀, UN3373, àti ìdì mẹ́ta: ìgò tí kò jò, ike tí kò jò pẹ̀lú ohun tó lè fa omi mu, páálí líle níta. Ẹ bi agbẹ́rù pé ta ló ń ṣọ́ ọ bí ọkọ̀ bá dúró lọ́nà, àti pé ta ni yóò fọwọ́ sí i tó bá débẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Èyí tí kò lè dáhùn, ẹ má gbé e fún un.

Àkànní: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn.

Ìyá Àyìnkẹ́: Mo ti pe láàbù. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kan yìnyín rárá, inú yàrá lásán ni, kó sì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ní agbẹ́rù tó máa ń lọ gbé e nílé ìwòsàn, pé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ kìíní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báàgì, mo rí i. Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Báwo ni kí n ṣe gbé ọmọ náà dání lọ́jọ́bọ̀ tí kò fi ní jà?

Nọ́ọ̀sì Àǹkẹ́: Ẹ gbé e lé itan, kó dojú kọ yín, kẹ́ ẹ gbá a mọ́ra. Ẹ fún un lómi mu dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, iṣan á hàn. Àfi bí wọ́n bá ní kó má jẹ kó má mu.