Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi ń bà mí lẹ́rù: ẹ wá sọ ohun tí ojú tiyín rí

Ìyá Rúkáyá, Ìlọrin
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi wà ní SS3 ní ilé-ìwé ìjọba, WAEC sì ti dé tán. Mo ní kó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kánò kí n wò ó. Ojú ewé kan péré, "so" ló fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn méje, ó sì ń kọ "u" káàkiri bí ẹni tó wà lórí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ní kó fẹnu ròyìn ọjà Ìpàta fún yín, ẹ ó gbàgbé oúnjẹ lórí iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí lẹ ṣe?

Alfa Kékeré
Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Bíírò nìkan la ò bu iyọ̀ sí.

Tísà Ọ̀fà
Alfa, ẹ ò ní pa wá. Ìyá Rúkáyá, ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ àròkọ kan sójú pátákó, "Ọjọ́ tí iná jó ọjà wa". Ó dùn, mi ò purọ́. Mo ní kí gbogbo kíláàsì kọ́ ọ sórí, wọ́n sì kọ́ ọ bí ọmọ kéwú ṣe ń kọ́ súrà. Ìdánwò àṣedánrawò dé, ìbéèrè ní kí wọ́n kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa ojú ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógún ló fi iná sí ọ̀nà náà! Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé títì náà jó kanlẹ̀, panápaná ò sì tètè dé. Mo rẹ́rìn-ín títí, ojú wá tì mí, torí èmi gan-an ni mo dáná yẹn.

Ìgbómìnà Gidi
Títì jó kanlẹ̀ 😂😂😂 Ẹ̀yin ará Ọ̀fà náà ni. Wọ́n ní kí ẹ dáhùn ìbéèrè, ẹ bá a wọ̀yá ìjà.

Tísà Ọ̀fà
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé iná ni o.

Baba Máàkì
Èmi ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n mo máàkì ìwé WAEC fún ọdún díẹ̀, mo sì mọ ohun tí Tísà ń wí. Àádọ́ta máàkì ló wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 tó kù fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì. Ìdajì máàkì là ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 ìkẹyìn yìí. Tí àṣìṣe bá pé ogún, ó tán, a ò lè yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bẹ̀rù àṣìṣe tó wá kọ ìlà mẹ́wàá péré nígbà tí wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ 450, ibi 20 yẹn ló ti jìyà. Èyí tó kọ́ ti ẹlòmíràn sórí ńkọ́? Tí mo bá ka ìwé mẹ́rin tẹ̀ léra, tí inú gbogbo wọn "dùn gidigidi láti mú bíírò yìí", tí ẹyẹ kan náà sì ń kọrin lójú fèrèsé gbogbo wọn, ojú mi á là peregede.

Màmá Tánkẹ́
Ẹyẹ yẹn! Mo mọ ẹyẹ yẹn! Ó ti wà láyé nígbà tí èmi ń ṣe WAEC.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ní 2008, àwọn tísà pírámárì fúnra wọn ni wọ́n fún ní ìdánwò ìwọ̀n ọmọ pírámárì kẹrin ní Kwara níbí, èsì rẹ̀ ò sì ṣeé gbọ́ sétí.

Tísà Ọ̀fà
Mi ò tíì gbaṣẹ́ nígbà náà, ẹ má wò mí. Kíláàsì tí mò ń kọ́ báyìí, ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àròkọ kan lọ́sẹ̀ kan, ta ni yóò kà á? Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń ní kí wọ́n kọ. Wọ́n á pààrọ̀ ìwé, wọ́n á ka ti ara wọn sókè, ibi tí ahọ́n bá ti kọ́, wọ́n á fi pẹ́ńsù fà á nídìí. Kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n.

Ìgbómìnà Gidi
Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni mi ò ti bá yín lọ. Yorùbá yẹn náà ló ń dà wọ́n láàmú. Àbúrò mi kọ ọ́ sínú ìdánwò pé "I heard the smell".

Màmá Tánkẹ́
Ṣé kò gbọ́ ọ ni?

Baba Máàkì
Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò n'Ífẹ̀ láti 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn.

Ìgbómìnà Gidi
Ifẹ̀ nìyẹn, sà. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé àti olùkọ́ tó péye.

Ìyá Oníwàrà
Ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn. Láyé tiwa, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì á sanwó ìtanràn. Agbọ́n ta mí lọ́rùn lọ́jọ́ kan, mo ké "yéè, ìyá mi o!" Mọ́nítọ̀ kọ orúkọ mi. Náírà márùn-ún. Owó wàrà tí màmá mi ní kí n fi jẹun ni mo san.

Alfa Kékeré
Èwo ni kẹ́ ẹ ké? "Oh my mother, a wasp"?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Tiwa, pátákó ni wọ́n ń gbé kọ́ wa lọ́rùn. Mo gbé e sùn lọ́jọ́ kan torí mi ò rí ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá tí màá gbé e fún.

Màmá Tánkẹ́
Jésù. Ọdún wo nìyẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ má bi mí ní ọjọ́ orí.

Bíọ́dún Òmù-Àrán
Ẹ jẹ́ ká tún wo JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ ni èèyàn lè fi ṣe gbogbo rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún èyí tó kàn, P fún èyí tó kọjá, R láti padà, S ("Submit") láti fi parí ìdánwò. Ọmọ àǹtí mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì, ó sì rò pé S ni "Skip". Ó wà lórí ìbéèrè kẹrìnlá nínú 60 ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó yà á lẹ́nu pé gbogbo nǹkan dákẹ́.

Ìgbómìnà Gidi
Irọ́ ni. Ẹ̀rọ bi í léèrè, ó sì tún ní bẹ́ẹ̀ ni?

Bíọ́dún Òmù-Àrán
Ẹ wá bi í ní ilé wa. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán báyìí, ó máa tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti ra kíbọọ̀dù àlòkù fún un, kò sí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀ o, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ lásán ni.

Ìyá Rúkáyá, Ìlọrin
Ẹ ṣeun o. Mo ṣe ti Tísà Ọ̀fà lálẹ́ àná. Mo ní kí Rúkáyá kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ bí ewúrẹ́ ará ilé ṣe jẹ ìwé bàọ́lọ́jì rẹ̀. Ó sọ ọ́ débi tí bàbá rẹ̀ fi pa tẹlifíṣàn. Ó wá kọ ọ́, ojú ewé méjì àbọ̀, "so" ẹyọ kan péré. A ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kánò. Ìyẹn fèsì: "Ó dáa gan-an. Ta ni u?"

Alfa Kékeré
Ìyá Oníwàrà, agbọ́n yẹn ńkọ́, èdè wo lòun sọ? Ṣé wọ́n kọ orúkọ tiẹ̀?