Ìròyìn wo ni mo lè wá fún ìyá mi tí yóò tù wọ́n nínú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ìyá mi kì í pa rédíò láàárọ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn ìjínigbé àti ọ̀wọ́n oúnjẹ ti ń gba oorun lójú wọn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ara wọn yá gágá lọ́dún 2022, nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá eré ìje 100 mítà tí a ti ń fo ìdènà, tí kò sí obìnrin tó sá a yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọn kò mọ eléré ìje mìíràn o, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ròyìn omijé ayọ̀ tí Tobi sun lọ́jọ́ náà. N kò fẹ́ fi òtítọ́ ìlú pamọ́ fún wọn. Báwo ni ẹ ṣe ń rí irú ìròyìn ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lédè Yorùbá lójoojúmọ́?